Ta Ló San Owó Ọ̀fẹ́?

 

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí gbogbo wa ń gbọ́: ọ̀fẹ́. A ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìjọba, a ń gbọ́ ọ nínú rédíò. Ilé ìwé ọ̀fẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ abẹ aboyún ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹ ọbẹ̀ tó dùn, ó yẹ kó mọ ẹni tó ra ẹran.

1. Ìbéèrè ìyá àgbà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sára pátákó: ọ̀-fẹ́. Gbogbo kíláàsì kà á. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè. Ó ní:

– Ọmọ mi, bí nǹkan bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ wa nígbà tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ jáde nínú ìyàwó ọmọ mi?

Bàbá kan dáhùn:

– Ìyá, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ìjọba ló jẹ owó náà.

Obìnrin kan ní:

– Rárá o, bàbá. Àwọn dókítà ni.

Ẹlòmíràn ní:

– Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìjọba kò ní owó kankan. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ariwo sọ. Wọ́n yíjú sí mi, èmi olùkọ́. Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ìyá mú ìwé tí ilé ìwòsàn fún wọn wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi náà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, mo sì kàwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín.

2. Kí ni ìrànlọ́wọ́ ìjọba?

Ìrànlọ́wọ́ ìjọba ni ohun tí ìjọba ń ṣe kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó má bàa ṣègbé. Oríṣiríṣi ló wà. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú wọn:

– Ní ọdún 2006, ìjọba Benin ní kí wọ́n má gba owó ilé ìwé mọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba.
– Ní ọdún 2007, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn tálákà, pàápàá àwọn obìnrin, ní owó kékeré láti fi ṣòwò. 30,000 sẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.
– Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní Benin.
– Ní ọdún 2017, ìjọba Benin àti àjọ oúnjẹ àgbáyé, PAM, dáwọ́ lé oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ abúlé.
– Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba Tógò fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró. Wọ́n pe ètò náà ní Novissi.

A ò lè sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn tán lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ la ó mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè wà.

3. Nígbà tí aláìsàn ń san gbogbo rẹ̀

Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, ní ilẹ̀ Mali. Lákòókò yẹn, kò sí oògùn nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké. Ìjọba ní ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àpótí oògùn ṣófo. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san owó díẹ̀ fún oògùn, kí ilé ìwòsàn fi owó náà ra òmíràn. Ní Benin, wọ́n ti dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ṣáájú ní Pahou, láàrin Kútọnu àti Ouidah.

Ètò náà ṣe rere kan: oògùn wà. Ẹni tó bá ní ibà á san owó díẹ̀, á gba oògùn rẹ̀, á lọ sílé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Owó ńlá ni, ó sì máa ń dé lójijì. Aboyún ń rọbí láti àná, ọmọ kò jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkọ ò lè sọ pé kí wọ́n dúró di ìgbà ìkórè. Ó ní láti ta ewúrẹ́, ó ní láti ta àgbàdo tí kò tíì gbẹ, ó ní láti fi oko dúró fún gbèsè. Bó ti ń wá owó kiri, wákàtí ń lọ. Nínú irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń kú, tí ọmọ ń kú.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba Benin fi yí ètò padà ní ọdún 2009. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn ṣe iṣẹ́ abẹ ná, kí ó má béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ aboyún. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn á kọ ìwé sí ìjọba, ìjọba á sì san 100,000 sẹ́fà fún un lórí iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣàkíyèsí o. Iṣẹ́ abẹ náà ní owó tirẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ń ná owó. Okùn tí wọ́n fi rán ara ń ná owó. Oògùn oorun ń ná owó. Ẹni tó di abẹ mú, ó gbọ́dọ̀ gba owó oṣù. Ọ̀fẹ́ kò pa owó rẹ́. Ó kàn yí ẹni tó ń san án padà ni.

4. Níbo ni ìjọba ti rí owó?

Ìjọba kò ní oko. Owó tó ń ná, lọ́wọ́ wa ló ti wá, tàbí kó jẹ́ ẹ̀bùn àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, tàbí kó jẹ́ gbèsè tí àwa àti àwọn ọmọ wa yóò san.

Àwọn kan ní: «Èmi ò san owó orí, nítorí náà kì í ṣe owó mi.» Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo owó tí wọ́n ń pè ní TVA. Ní Benin àti ní Tógò, 18 ni nínú gbogbo 100. Oúnjẹ oko tí a kò tíì yí padà, bí àgbàdo àti iṣu, kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì wà nínú rẹ̀, páànù wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà ilé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Owó ibodè náà wà, tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó wọlé ní èbúté Kútọnu àti ní ẹnubodè. Ẹni tó kó ẹrù wọlé á fi owó náà lé orí ọjà. Àwa tí a rà á la san án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ 1,000 sẹ́fà kí TVA tó dé orí rẹ̀.

TVA: 1,000 × 18 ÷ 100 = 180 sẹ́fà.
Owó tí a san: 1,000 + 180 = 1,180 sẹ́fà.

180 yẹn, ti ìjọba ni. Tọ́ọ̀ṣì mélòó ni a ó rà kí owó iṣẹ́ abẹ kan tó pé?

100,000 ÷ 180 = 555, ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ó túmọ̀ sí pé ènìyàn 556 gbọ́dọ̀ ra tọ́ọ̀ṣì kí ìyá kan tó lè gba iṣẹ́ abẹ. Ẹ ò rí i? Ìyá àgbà tó ra tọ́ọ̀ṣì láti fi lọ kíláàsì lálẹ́, ó ti dá owó sí i. Nítorí náà, ọ̀fẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba. Owó tí a ti san ṣáájú ni.

5. Ọ̀pọ̀ ń san fún díẹ̀

Ẹnì kan ní kíláàsì béèrè pé: «Èmi ọkùnrin, mi ò lè lóyún. Kí ló dé tí mo fi máa san?» Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú aboyún 100. Ní ọdún 1985, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ni iṣẹ́ abẹ lè tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a mú 10.

Iṣẹ́ abẹ 10: 10 × 100,000 = 1,000,000 sẹ́fà.

Bí àwọn 10 náà bá dá san, 100,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé mìíràn á wó.
Bí aboyún 100 bá jọ san, 10,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Bí ilé 1,000 bá jọ san, 1,000 ló kan ilé kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n orí tó gbé e pọ̀ sí i.

Ó dà bí àjọ tí a ń dá lọ́jà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Nínú àjọ, olúkúlùkù á kó ohun tó dá nígbà tí ó bá kàn án. Nínú èyí, ẹlòmíràn á dá owó títí ayé, kò sì ní kó o. Ẹni tí kò kó o ni orí rẹ̀ dára, nítorí pé àjálù kò bá a. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní àárọ̀ bóyá òun ni ó kàn ní alẹ́. Ọkùnrin tó ní òun kò lè lóyún, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọbìnrin, ó sì ní ìyá tó bí i.

6. Ibi tí garawa ti ń jò

Bí a bá pọn omi sínú garawa tó ń jò, a lè délé pẹ̀lú ààbọ̀. Ẹ wo ibi mẹ́rin tí ọ̀fẹ́ yìí ti ń jò.

Èkíní, ọ̀nà. Owó zémidjan tàbí ọkọ̀ láti abúlé dé ilé ìwòsàn kò sí nínú ọ̀fẹ́ náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ á jẹ ọ̀fẹ́ náà tán. Ẹni tó wà ní oko jíjìn ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní Benin ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nǹkan bí 5 nínú ìbímọ 100 ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe. Ẹ fi wé 10 tí a mú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó tọ́ sí tí wọn kò dé ibẹ̀ ṣì pọ̀.

Èkejì, àwìn. Ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́ lónìí, ìjọba ń san lọ́la. Ká ní ilé ìwòsàn kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ 20 lóṣù:

20 × 100,000 = 2,000,000 sẹ́fà lóṣù.
Bí ìjọba bá pẹ́ ní oṣù 4: 2,000,000 × 4 = 8,000,000 sẹ́fà.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń tà láwìn, bí àwìn bá pẹ́, igbá á ṣófo. Ilé ìwòsàn kò ní rí owó ra okùn àti oògùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún aláìsàn pé: «Lọ rà á níta.»

Ẹ̀kẹta, iye kan náà fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ abẹ tó rọrùn, 100,000. Èyí tó le, tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, 100,000 náà ni. Lórí èyí tó le, ilé ìwòsàn lè pàdánù. Lórí èyí tó rọrùn, ó lè jèrè. Nítorí náà ìjọba gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n má bàa lé èyí tó le sẹ́yìn, kí wọ́n má sì fi abẹ kan ẹni tó lè fúnra rẹ̀ bímọ.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ènìyàn. Àwọn kan ń gba owó tí kò sí nínú ìwé. A ó padà sí èyí.

7. Gbogbo ènìyàn ni, àbí tálákà nìkan?

Bàbá kan ní: «Ìyàwó olówó náà ń gba iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?» Ẹ jẹ́ kí a ṣírò èyí náà.

Ìjọba ní 10,000,000 sẹ́fà. Ènìyàn 10,000 wà ní ìlú.

Bí a bá pín in fún gbogbo wọn: 10,000,000 ÷ 10,000 = 1,000 sẹ́fà.
Bí a bá pín in fún 500 tó tòṣì jù: 10,000,000 ÷ 500 = 20,000 sẹ́fà.

Ó jọ pé èkejì ló dára jù. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ àwọn 500 náà? A gbọ́dọ̀ rán ènìyàn láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ yẹn ń ná owó. Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ lè kọ orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀. Opó tó wà ní ẹ̀yìn abúlé, wọ́n lè má rí i.

Ní Tógò, Novissi gba ọ̀nà tẹlifóònù. Ní agbègbè Lomé, obìnrin gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin gba 10,500. Ìdajì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn tó jẹ ànfààní rẹ̀ ju 500,000 lọ. Ó yá, owó kò gba ọwọ́ olóyè kankan kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò, tàbí tí kò rí tẹlifóònù lò, kò rí i gbà. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tí ó ń gbàgbé.

Owó tí wọ́n yá àwọn obìnrin ní Benin yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó gba 30,000 gbọ́dọ̀ dá a padà. Bó bá dá a padà, ẹlòmíràn á gba owó kan náà, ẹ̀kẹta á tún gbà á. Bí kò bá dá a padà, owó náà kú sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé «owó ìjọba ni, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́», owó ẹnìkejì rẹ̀ ló jẹ.

Ó tún ku ohun kan. Sẹ́fà kan kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Owó tí ìjọba fi sórí iṣẹ́ abẹ, kò lè fi í ṣe kànga. Owó tó fi ṣe oúnjẹ ilé ìwé, kò lè fi í tún ọ̀nà ṣe. Bí a bá ní kí ìjọba ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí la ó fi sílẹ̀, tàbí ta ló máa san sí i.

8. Ìwé ìyá àgbà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mú ìwé náà wá. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwa ka nọ́ńbà. A kọ ọ́ sára pátákó:

Káàdì: 1,500
Oògùn: 9,500
«Iṣẹ́»: 20,000
Àpapọ̀: 31,000 sẹ́fà

A yẹ̀ ẹ́ wò papọ̀. Káàdì àti oògùn ní ìwé ẹ̀rí, òǹtẹ̀ wà lórí wọn. 20,000 kò ní òǹtẹ̀, kò sì sẹ́ni tó buwọ́ lù ú. «Iṣẹ́» wo nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni ìjọba ní òun ń san?

Ìyá àti ọmọ rẹ̀ mú ìwé náà tọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n ní àwọn yóò wò ó. Títí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n ìyá sọ ohun kan fún wa ní kíláàsì: «Tẹ́lẹ̀, mo rò pé mò ń tọrọ ni. Nísinsin yìí mo mọ̀ pé gbèsè ni mo lọ sìn.»

9. Kí ni àwa lè ṣe?

– Kí a béèrè ṣáájú: kí ló wà nínú ọ̀fẹ́ yìí, kí ni kò sí nínú rẹ̀?
– Kí a gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo owó tí a bá san, kí a sì tọ́jú rẹ̀.
– Kí abúlé dá owó ọkọ̀ aboyún sílẹ̀. Bí ilé 60 bá ń dá 100 sẹ́fà lóṣù, 6,000 sẹ́fà ni. Kí ẹni tó ní alùpùpù ti mọ̀ pé wọ́n lè pe òun lóru.
– Kí a lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àti ti ilé mẹ́ẹ̀rì, kí a béèrè bí wọ́n ti ná owó.
– Kí a san ohun tó tọ́ kí a san, kí a sì dá owó tí a yá padà.

Ohun tí a kọ́

Ọ̀fẹ́ ní owó tirẹ̀. Àwa la ń san án, díẹ̀díẹ̀, lórí ọjà tí a ń rà. Bí ọ̀pọ̀ bá jọ gbé ẹrù, kò ní pa ẹnì kan. Ṣùgbọ́n garawa lè jò, àfi kí a máa ṣọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ta ló ń san 100,000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn? Lọ́wọ́ ta ni òun náà ti rí i?
2. Páànù kan jẹ́ 3,000 sẹ́fà kí TVA tó dé orí rẹ̀. Èló ni TVA rẹ̀? Èló ni a ó san?
3. Ilé ìwòsàn kan ṣe iṣẹ́ abẹ 15 lóṣù. Ìjọba pẹ́ ní oṣù 3. Èló ni gbèsè náà?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àjọ àti owó tí ọ̀pọ̀ ń san fún díẹ̀?
5. Ẹ jọ sọ̀rọ̀: ní abúlé yín, bí aboyún bá ń rọbí ní òru, ta ló máa gbé e lọ, owó ta sì ni wọ́n máa ná?